Ilẹ̀ Ni À Ń Gbá Kí Ọdún Tó Dé, A Kì Í Gbá Ènìyàn

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ láti apá àríwá, tí eruku pupa bá ti bo ewé mángòrò lẹ́bàá títì tó lọ láti Ṣábẹ sí Parakou, àwọn ilé ní agbègbè Tchaourou a máa múra ọdún. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou, ní Porto-Novo àti ní ilẹ̀ Faransé a máa darí bọ̀ wálé. Ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ń kánjú bọ̀, ọdún tí òfin ọdún 1997 kọ́kọ́ dá sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní ilé kan, wọ́n ń kun ògiri ní ọ̀dà. Ní ilé kejì, wọ́n ń pààrọ̀ páànù tó ti jò. Ní ilé kẹta, ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti ọwọ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá iwájú ojúbọ àwọn baba ọkọ rẹ̀ kí oòrùn tó yọ.

Ohun tí ìyá àgbà yẹn ń ṣe tó ohun tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò jókòó ronú lé lórí. Kì í ṣe eruku nìkan ni ó ń gbá. Lójú àwọn baba ńlá, ilé tí a kò wẹ̀ mọ́ kì í gba àlejò ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ọdún tí a bá ṣe nínú rẹ̀ kò lè yọrí sí ayọ̀. Ṣùgbọ́n ìwẹ̀nùmọ́ ilé jẹ́ iṣẹ́ tí a lè ṣe bó ti yẹ, tí a sì lè ṣì ṣe. Ẹni tó bá ṣì í ṣe, ènìyàn ni yóò gbá lọ sí ààtàn, pàǹtí yóò sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí a bá wo iṣẹ́ náà fínnífínní, ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ọwọ̀. Kí sìmẹ́ǹtì tó dé, ilẹ̀ ilé jẹ́ amọ̀. Àwọn obìnrin a máa po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a fi pa ilẹ̀ títí yóò fi máa dán. Wọn a kó eérú inú àdògán jáde, wọn a kó àpáàdì àti ìkòkò tó ti là dànù, wọn a tú gbogbo kọ̀rọ̀ wò. Ọwọ̀ fúnra rẹ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀. A kì í fi í na ọmọkùnrin. A kì í sì í gbálẹ̀ lóru, kí a má baà gbá ire ilé mọ́ pàǹtí jáde.

Èkejì ni iṣẹ́ ewé àti omi. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin ni ewé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ìtútù. A ó gbo wọ́n sínú omi tútù, a ó da omi ìgbín sí i, nítorí kò sí ohun tó tutù tó omi ìgbín nínú àwọn ohun tí à ń fi ṣe ètùtù. Omi yìí ni a fi ń fọ ojúbọ, tí a sì ń wọ́n sí ẹnu ọ̀nà àti sí ẹsẹ̀ ògiri. A ó fi ẹfun kùn ibi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ̀. Kí ilé rọ̀, kí ara rọ̀, kí ibi tó gbóná di tútù.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ẹnu, òun ni ó sì nira jù. Olórí ẹbí yóò pe àwọn ọmọ ilé jọ kí ọjọ́ ọdún tó pé. Ta ni kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pín oko? Ìyàwó wo ni ó ń fi omijé dáná? Ta ni ó jẹ gbèsè tí kò san, tó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá? A ó dárúkọ ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, a ó bẹ ẹni tí a ṣẹ̀, a ó ná obì, a ó da omi sílẹ̀. Ìgbà tí inú bá ti funfun ni a tó lè sọ pé ilé mọ́. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ṣì ń di ara wọn nínú, òórùn ọ̀dà tuntun lára ògiri kò lè bo òórùn ọ̀tẹ̀.

Nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣì ń gbilẹ̀ lónìí. Ọ̀dà pọ̀, sìmẹ́ǹtì pọ̀, omi ìfọlé olóòórùn dídùn pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu ti ń sá lọ. Àwọn ọmọ a dé ní àṣálẹ́ ọjọ́ ọdún, wọn a ya fọ́tò, wọn a jẹ iyán, wọn a sì wakọ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kejì. Ìjà oko tí ó wà ní ọdún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró dè wọ́n.

Kò sí ìlú Yorùbá tí kò mọ̀ pé ìwẹ̀nùmọ́ ni ó ń ṣáájú àjọ̀dún. Ní Òṣogbo, kí ẹnikẹ́ni tó gbé igbá lọ sí odò Ọ̀ṣun ní oṣù Ògún, Ìwọ́pópó ni a kọ́kọ́ ń ṣe: Àtáọ́ja pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti àwọn ará ìlú a rìn ní pópó láti fọ ọ̀nà mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, tí yóò máa jó láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà ọdún Edì tí a fi ń rántí Mọrèmi, Tẹ̀lẹ́ ni ó ń ru ẹrù ibi gbogbo ìlú lọ sínú igbó. Ní Èkó, aṣọ funfun Eyọ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ibi ni wọ́n gbà pé ó ń gbá kúrò. Ohun kan so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọba àti ààfin ni ó ń ṣáájú. Ọba tí kò bá kọ́kọ́ gbá ààfin rẹ̀ kò lẹ́nu láti ní kí ará ìlú gbá ojúde.

Ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí ó wo ilẹ̀ Íńdíà. Ọdún Dìwálì máa ń bọ́ sí oṣù Ọ̀wàrà tàbí oṣù Bélú, ní alẹ́ tí òṣùpá kò yọ rárá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó dé ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ń tú ilé wọn palẹ̀. Wọ́n ń kun ògiri ní funfun, wọ́n ń kó ohun tó ti gbó dànù, àwọn ará abúlé sì ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe. Wọ́n gbà pé Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀ àti oríire, kì í wọ ilé tó dọ̀tí tàbí tó ṣókùnkùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to fìtílà amọ̀ kéékèèké sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ a máa ra ọwọ̀ tuntun ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọdún, nítorí ọwọ̀ jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ Lakshmi. A kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í gbálẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, kí ọrọ̀ má baà bá pàǹtí jáde. Èèwọ̀ kan náà ni ó wà ní etí odò Ganges àti ní ìyẹ̀wù àwọn ìyá àgbà ní agbègbè Tchaourou, láìsí pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì.

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò sì jìnnà sí àwọn òrìṣà Íńdíà bí ènìyàn ṣe lè rò. Láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ni àwòrán aláwọ̀ mèremère láti Íńdíà ti ń dé ọjà etíkun, tí àwọn olùsìn Màmíwọ́tà ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò sì ń rà wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ojúbọ wọn. Àwòrán obìnrin olójò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Màmíwọ́tà, ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárín àwọn ọdún 1880. Ní ọdún 1955, wọ́n tún un tẹ̀ ní Bombay, ó sì padà sí Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó bá ti wọ irú ojúbọ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ bí ibẹ̀ ti máa ń mọ́ tó: aṣọ funfun, àtíkè, lọ́fínńdà, kò sí ẹyọ eruku kan. Ní Accra pẹ̀lú, Swami Ghanananda Saraswati, ọmọ bíbí ilẹ̀ Gánà, dá ilé ẹ̀sìn Híńdù ti Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1975, àwọn ọmọ Gánà sì ń tan fìtílà Dìwálì níbẹ̀. Ìmọ́tótó tí à ń fi dúró de ẹni mímọ́ kò ní èdè kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n Íńdíà kan náà yìí kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ kejì, tó korò. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó ń gbá ojú pópó tí wọ́n sì ń kó ìgbẹ́ ìlú ni a kà sí aláìmọ́. Ẹni tó ń sọ ilé ẹlòmíràn di mímọ́, òun ni wọn kò jẹ́ kí ó wọ tẹ́ńpìlì, òun ni wọn kò jẹ́ kí ó fa omi nínú kànga. Gandhi fúnra rẹ̀ mú ọwọ̀, ó gbá ilé ìgbẹ́, kí ó lè fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìtìjú ni ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1950, tí Ambedkar, tó wá láti inú àwọn tí wọn kì í fọwọ́ kàn náà, jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́, abala 17 rẹ̀ fòpin sí kíka ènìyàn sí ẹni àìfọwọ́kàn. Òfin ti wà; ìwà náà kò tíì tán nílẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ìwẹ̀nùmọ́ tó bá ti kúrò lórí ìdọ̀tí tó bọ́ sórí ènìyàn, ó máa ń ṣòro láti wò sàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan agbègbè yìí gan-an nìyí. Ní Borgou, níbi tí Yorùbá, Ìbàrìbá àti Fúlàní ti jọ ń gbé láti ayébáyé, tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn, ọmọ ìkókó wà tí a kà sí ìdọ̀tí ilé. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ jáde, tàbí tí eyín òkè rẹ̀ kọ́kọ́ hù, àwọn kan a sọ pé àjẹ́ ni, wọn a sì sọ pé ilé kò lè mọ́ bí ó bá wà níbẹ̀. Wọ́n pa nínú wọn. Wọ́n fi nínú wọn tọrẹ fún àjèjì. Ilé ìjọ Àgùdà àti àwọn aláàánú gba nínú wọn tọ́. Kí ọmọ Yorùbá má sì nàka sí aládùúgbò rẹ̀. Àkókò kan wà tí wọ́n ń pa ìbejì ní àwọn ibì kan ní ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n tó wá di ẹni tí à ń jó fún, tí à ń se ẹ̀wà fún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ òkú àbíkú lára, tí wọ́n ń gé e ní ìka. Bí ìbejì ṣe ti ẹ̀gàn dé ipò ọ̀wọ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àṣà lè yí padà láì kú.

Àwọn arúgbó obìnrin náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Bélú ọdún 1974, ní Abomey, ìjọba Mathieu Kérékou kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò tọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbé ogun dìde sí oyè ìbílẹ̀ àti sí àjẹ́. Wọ́n gé àwọn igi ńlá tí a ń bọ. Wọ́n mú àwọn ìyá arúgbó, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n jẹ́wọ́ lórí rédíò pé àwọn ni àwọn ń pa ọmọ. Wọ́n pe èyí ní fífọ orílẹ̀-èdè mọ́. Ìjọba tó ní òun kò gba òrìṣà gbọ́ ni ó wá ń lépa àjẹ́ kiri. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àrùn tàbí ikú ọmọdé dín kù nítorí omijé àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Àjẹsára àti àpò ẹ̀fọn ni ó dín in kù.

Lónìí, ìwé òfin ọmọdé ti ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2015 ti dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà náà ti wọ aṣọ tuntun. Bí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ilé kan a ránṣẹ́ pe àjèjì tó ní òun lè wẹ ilé mọ́. Ìbáà jẹ́ pé àpò Ifá ni ó gbé, ìbáà jẹ́ tẹ̀sùbáà, ìbáà jẹ́ Bíbélì, owó ni yóò kọ́kọ́ gbà. Kò mọ ìtàn ilé náà, kò mọ ẹni tó tọ́ ẹni. Yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò sì nàka sí opó tí kò ní ọmọkùnrin tó lè gbèjà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilé ti dàrú. Ẹni tó wá wẹ ilé ti gba owó lọ. Ẹ̀gbin tó fi sílẹ̀, ogún ọdún lè má tó gbá a tán.

Àwọn kan yóò dáhùn pé kí a pa gbogbo rẹ̀ tì: ọṣẹ àti omi tó, ìyókù jẹ́ àṣà àìmọ̀kan. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́, nítorí ọṣẹ ń ṣe ohun tí ewé kò lè ṣe. Síbẹ̀, ọṣẹ kò lè pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jókòó sórí ẹní kan. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìbọ̀rìṣà ni, pé àwọn ti di Mùsùlùmí tàbí ọmọ ìjọ. Kò burú. Mùsùlùmí ń ṣe àlùwàlá kí ó tó dojú kọ Ọlọ́run. Àgùdà ń gba ìbùkún ilé nígbà àjọ̀dún Ìfarahàn, ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ́n omi ewé, kí ó wọ́n èyí tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà. Iṣẹ́ ẹnu kò yọ ẹ̀sìn kankan sílẹ̀. Kò sí ẹ̀sìn tó kọ ìlàjà.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn tó jókòó lórí ìtẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ tí a tún ṣe ní oṣù Bélú ọdún 2019 kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìjọba mọ oyè ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ àṣà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, Ilé Aṣòfin ní Porto-Novo tún dìbò fún òfin tó ṣètò oyè náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìjíròrò ti ń lọ lórí ta ni ó tóbi ju ta ni, ìtẹ́ wo ni a kọ sílẹ̀ àti èyí tí a kò kọ. Ìjíròrò náà ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè ní olùṣọ́ àṣà ní láti lè sọ èyí tí a ó ṣọ́ àti èyí tí a ó gbá dànù. Agbára ọba kò fara hàn níbì kankan ju ibi tó ti lè sọ pé, “Ẹ má fọwọ́ kan opó yìí, abẹ́ àbò mi ni ó wà.”

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Kí ààfin kọ́kọ́ ṣe ìwẹ̀nùmọ́ tirẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹnu nínú rẹ̀: kí àwọn ìdílé tó ń jà sí oyè jókòó pa pọ̀, bí kò tilẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Kí a kéde fún gbogbo àdúgbò pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe àjèjì wá tọ́ka àjẹ́ nínú ilé. Bí ọ̀ràn bá le, kí a gbé e wá síwájú àwọn àgbà, bí ó bá kan òfin, kí a gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀kẹta, kí a bọlá fún ọwọ́ tó ń gbálẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún, àwọn olóyè ní àga, àwọn àlejò ní àga. Àwọn ìyá tó jí ní ìdájí láti gbá ojúbọ máa ń dúró lẹ́yìn, lẹ́bàá ìkòkò. Àga kan ní iwájú fún èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ní dín ọlá ẹnikẹ́ni kù.

Ní ti àwọn ọmọ tó wà ní òkèèrè, owó ọ̀dà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ dára, kí wọ́n má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbìyànjú láti dé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọdún, nítorí ìlàjà kò ṣeé fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọmọ ilé kan wà ní ẹ̀yìn odi tí wọ́n gbé kúrò nílé ní ìkókó nítorí eyín òkè. Opó kan wà ní ìlú mìíràn tí kò tún lè padà sí ibùsùn rẹ̀. Ilé tó bá wá wọn lọ, tó bẹ̀ wọ́n, tó sì mú wọn padà wálé, ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀ ti pé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn ni à ń darí rẹ̀ sí. Kí ìbínú lọ sí ààtàn. Kí irọ́ lọ sí ààtàn. Kí àpáàdì àti eérú ọdún tó lọ máa bá wọn lọ. Ènìyàn kò ní ibùgbé níbẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà bá gbá ojúbọ tán, tí ó bá na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀, kí ó rí àwọn ọmọ ilé gbogbo lójúde, kí iye wọn pé. Ìgbà náà ni kí onílù ó bẹ̀rẹ̀.